Ẹ bá wa wọn ẹnu íápíìsì kí ẹ tó yìn ín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde ní ojú ewé ìlera nípa etí àti íápíìsì, mo sì fara mọ́ ọn láti òkè délẹ̀: kí á dín ohùn kù, kí á máa fún etí ní ìsinmi, kí àwọn ọmọdé má fi í sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé ìròyìn kan náà dé ojú ewé ẹ̀rọ, mo bá íápíìsì tuntun kan níbẹ̀ tí akọ̀wé yín ń yìn ní ìyìn àìdákẹ́. Ó sọ iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ lè lò. Ó sọ irú Bluetooth tó wà nínú rẹ̀. Ó sọ oríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n ṣe é sí, kódà ó sọ bí ìdérí àpótí rẹ̀ ṣe máa ń dún nígbà tí a bá pa á dé. Kò sọ bóyá ó ń dúró létí. Kò sọ bí ẹnu rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń wọ inú etí, ṣe fẹ̀ tó, kò sọ iye rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n ń fi bo ẹnu náà tó bá a wá, kò sì sọ irú etí tí òun fúnra rẹ̀ ní, tó fi dán an wò. Ohun tó mú mi gbé kálàmù nìyẹn, torí pé lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ojú ewé méjèèjì ọ̀kan náà ni. Ẹ̀yin lẹ pín in sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Atẹ̀wé ni mí. Ohùn tí àwọn ènìyàn gbà sílẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ di ìwé: ìpàdé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìgbẹ́jọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù lọ nígbà tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Àárọ̀ ni íápíìsì ń wọ etí mi, ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ń lo awò ojú, etí mi kéré, ihò ti òsì sì há ju ti ọ̀tún lọ. Àwọn kan á ní ṣe bí èyí tó ń bo gbogbo etí wà lọ́jà, kí ló dé tí n kò rà á? Ó ń tẹ ọwọ́ awò ojú mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí títí orí á fi máa fọ́ mi, ooru rẹ̀ sì ń mú etí làágùn. Kékeré tó ń wọ inú ihò etí ni tèmi, òun ni mo sì mọ̀ tinútòde.

Àwọn tó ń ṣe é, àti àwọn tó ń yìn ín, máa ń ṣe bí ẹni pé ihò etí jẹ́ páìpù tó gún gbọọrọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àgbàlagbà, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 láti ẹnu rẹ̀ dé ibi ìlù etí, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 7, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ó tẹ̀ síhìn-ín, ó tún tẹ̀ sọ́hùn-ún kó tó dé inú. Kò sì rí róbótó. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tó wà lápá òde jẹ́ eegun rírọ̀, irú èyí tó wà ní ṣóńṣó imú. Ibẹ̀ ni irun wà, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí etí ti ń ṣẹ̀, ibẹ̀ náà ni íápíìsì máa ń jókòó sí. Ìyókù tó lọ sínú jẹ́ eegun líle, awọ tó bò ó sì tín-ínrín débi pé tí nǹkan bá kàn án pẹ́nrẹ́n, a ó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá fi róbótó líle kan sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, kí ẹ ní kó dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́!

Ihò náà kì í sì í dúró sójú kan. Ẹ fi ìka kékeré sí ẹnu ihò etí yín nísinsìnyí, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ pa á dé. Ẹ ó rí i pé ògiri rẹ̀ tó wà níwájú ń sún. Oríkèé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, bí a bá ń jẹun, bí a bá yán, ihò etí á fẹ̀, á tún há. Èmi tó jẹ́ pé mo máa ń pe ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, párì mi kì í sinmi, díẹ̀díẹ̀ ni íápíìsì á sì máa rìn jáde. Kì í já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀, torí pé èyí tó bá já bọ́, a ó rí i. Èyí tó kàn sún bíńtín, ohùn ló máa ń jí gbé lọ láìdágbére.

Ohùn tó sì máa ń kọ́kọ́ bá ibi tó ṣí sílẹ̀ yẹn jáde ni ohùn tó wúwo, tó wà nísàlẹ̀. Báàsì á lọ. Ohùn ọkùnrin á di ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo òde á wọlé: ẹ̀rọ amúlétutù, ọkọ̀ tó ń kọjá, ẹni tó ń fi fóònù bá ara ilé rẹ̀ jà nítòsí. Kí ni ọwọ́ máa ṣe? Á lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kún ohùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ bá wí lójú ewé ìlera, agídí kọ́ ló mú wọn gbé ohùn sókè. Íápíìsì wọn kò dí ihò etí wọn ni. Bí ẹ bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dín ohùn kù, tí ẹ kò sì bá a yanjú rọ́bà, ẹ̀ ń ní kó máa gbọ́ orin rẹ̀ ní àgbọ́ìgbọ́tán ni, kò sì ní gbọ́ tiyín.

Ìṣirò rẹ̀ wà nílẹ̀. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Fún ọmọdé, 75 ni wọ́n dá a sí. Nígbàkúùgbà tí a bá sì fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 péré kún un, àkókò tí etí lè fara dà á á pín sí méjì. Tó bá di 83, wákàtí 20. Tó bá di 86, wákàtí 10. Tó bá dé 90, nǹkan bíi wákàtí 4 ló kù fún odindi ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá sì ń ṣe iṣẹ́ tèmi á ti ná an tán kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ kò ní kígbe, etí kò sì ní ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ní rọ́bà kékeré tó wà lórí íápíìsì ṣe pàtàkì ju bátìrì rẹ̀ lọ, ẹ má rò pé mò ń fi ẹnu ṣeré.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà náà rèé. Inú páálí ni ẹ ó ti rí i, wọ́n sábà máa ń jẹ́ oríṣi mẹ́ta, wọ́n á sì kọ S (kékeré), M (àárín) àti L (ńlá) sí wọn lára. Èwo ni S? Kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? M ti ilé iṣẹ́ kan lè tóbi tó L ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Bàtà ní nọ́ńbà, a sì mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ wa. Ta ni yóò sanwó bàtà tí olùtajà kàn ń sọ pé “kò tóbi, kò kéré” láìjẹ́ kí a wọ̀ ọ́ wò? Ohun tí à ń ṣe nìyẹn tí a bá ń ra íápíìsì. Tí ó bá sì ti wọ etí tán, ọ̀pọ̀ olùtajà kò ní gbà á padà mọ́, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí ìmọ́tótó.

Kò sì pọn dandan kí etí méjèèjì wọ rọ́bà kan náà. Ó yà mí lẹ́nu pé títí di òní, mo ṣì ń rí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ tí wọ́n ń rò pé méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu torí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú páálí. Èyí tó kéré jù lọ ló wà létí òsì mi, èyí tó tẹ̀ lé e ló wà ní ọ̀tún. Tí ẹnì kan bá wò mí dáadáa á rí i pé wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ta ló ń wo inú etí atẹ̀wé?

Ìmọ̀ràn kan tún wà tí gbogbo ènìyàn máa ń fúnni: bó bá ń já bọ́, fi rọ́bà ńlá sí i. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ihò etí rẹ̀ há, rọ́bà ńlá kò ní wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, á fún ara rẹ̀ pọ̀, gbogbo ìgbà tí párì bá sì ti sún ni yóò máa ti ara rẹ̀ jáde. Èyí tó kéré sí i tó wọlé dé ibi tó yẹ lè di ihò pinpin, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Àmì tí mo fi ń mọ̀ ni pé tí ó bá jókòó dáadáa, tí mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ síwájú, ohùn kò ní yí padà. Bí ohùn bá nípọn sí i nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, tí ó sì tún tinrín nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ibì kan ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà tí a ń gbà fi í sétí náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń tì í wọlé ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi ti ọ̀tún, ẹ gbé ọwọ́ òsì gba ẹ̀yìn orí kọjá, kí ẹ fi di ewé etí ọ̀tún mú lókè, kí ẹ fà á sókè, kí ẹ sì fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ihò tó wọ́ yẹn á na ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi íápíìsì wọlé, kí ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ wá fi ewé etí sílẹ̀. Etí á padà sí bó ṣe wà, á sì dì í mú fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà tó ń wo inú etí náà ń fà á bẹ́ẹ̀, àmọ́ etí ọmọ kékeré, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn ni wọ́n ń fà á sí. Bí ó bá jẹ́ pé ikọ́ ló ń gbé yín nígbà tí nǹkan bá kan inú etí, ẹ má fòyà. Iṣan ìmọ̀lára kan tí wọ́n ń pè ní vagus, tó lọ sí ọ̀nà ọ̀fun àti àyà, ní ẹ̀ka kan tó dé inú ihò etí, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan ibẹ̀, ọ̀fun wọn á rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tí a jọ ń jókòó níbi iṣẹ́ ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Rọ́bà sílíkónì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó ṣeé fọ̀, ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n bí etí bá làágùn, á máa yọ̀. Fóòmù ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ẹ ó fi ìka méjì yí i títí á fi tín-ínrín, ẹ ó tètè fi í wọlé, ẹ ó fi ìka tì í mú díẹ̀, bíi ìdajì ìṣẹ́jú, kó tó wú padà. Ihò etí tó bá rí gbágungbàgun, fóòmù á gba ìrísí rẹ̀, kò sì ní tì í níbì kan ju ibòmíràn lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń mu òógùn, ó ń gbó kíákíá, kò fẹ́ omi púpọ̀, ó sì máa ń dín ohùn tó mú, tó wà lókè, kù díẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn kò dí mi lọ́wọ́. Olórin lè bá mi jiyàn. Oríṣi kẹta wà tó ní ìpele rọ́bà mẹ́ta lórí ara wọn, tí wọ́n ń tì wọ inú lọ́hùn-ún. Ilé iṣẹ́ Etymotic, tí Mead Killion dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ irú rẹ̀. Ó ń dí ariwo òde pa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èmi kò lè fi í jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, kó máa bá a lọ, kó kàn má pè é ní ìtura.

Lẹ́yìn rọ́bà ni ara íápíìsì fúnra rẹ̀. Ní ẹ̀yìn páálí, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé awọ tó ń dún nínú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10 tàbí 12. Kí ni ìyẹn kan etí mi? Ẹnu rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tóóró tí rọ́bà ń wọ̀ lé lórí, tí ohùn ń gbà jáde, òun ló ń wọ inú etí, òun ni wọn kì í sì í kọ. Àwọn kan wà tí ẹnu wọn kò ju mìlímítà 4 lọ, àwọn mìíràn tó 6. Bí ẹnu bá ti fẹ̀, kò sí rọ́bà kékeré tó lè gbà á là, torí pé ike líle tó wà nínú rọ́bà náà ni yóò máa ti ògiri etí. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò lè ra rọ́bà mìíràn sí i láìmọ bí ẹnu náà ṣe fẹ̀ tó. Ti aláìníwáyà tún ní ìṣòro tirẹ̀: ẹ lè rí rọ́bà tó bá etí yín mu rẹ́gí, kí ó wá gùn ju àyè inú àpótí rẹ̀ lọ, kí ìdérí má pa dé, kí bátìrì má sì rí iná gbà.

Ara rẹ̀ tó ṣẹ́kù sóde náà ń dunni. Kòtò etí, níwájú ihò, ní ẹran kékeré kan tó yọ síwájú, tí a máa ń tẹ̀ nígbà tí a kò bá fẹ́ gbọ́ ariwo; ẹlòmíràn tún wà ní ìsàlẹ̀ tó kọjú sí i. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni íápíìsì ń há sí. Bí kòtò náà bá kéré, tí íápíìsì sì nípọn, kò sí ohun tí rọ́bà lè ṣe sí i. Ìrora rẹ̀ kì í tètè dé. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan á dùn bí oyin. Ìgbà tí wákàtí kan bá ti kọjá ni etí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, á pọ́n, ẹ ó sì fẹ́ já a sọnù. Ìdí nìyí tí n kò fi ka ìyìn ẹni tó fi í sétí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí nǹkankan.

Àwọn tó ní ìyẹ́ rọ́bà kékeré tó ń há sábẹ́ ìṣẹ́po ewé etí lókè dára fún ẹni tó ń sáré. Ọmọbìnrin mi ń sáré láàárọ̀, òun kò sì lè ṣe láìsí i. Èyí tó ní ìkọ́ tó ń kọ́ ẹ̀yìn etí kì í já bọ́ rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn etí mi ní onílé tẹ́lẹ̀, ìyẹn ọwọ́ awò ojú, àwọn méjèèjì kò sì gba ara wọn láyè. Fún oníwáyà, ìrànwọ́ kan wà tí kò ní kí ẹ náwó: ẹ gbé wáyà náà gba orí etí kọjá sẹ́yìn, kó má ṣe rọ̀ tààrà sílẹ̀ níwájú. Ìwúwo wáyà kò ní máa fa íápíìsì jáde mọ́, gbì-gbì tí aṣọ máa ń ṣe lára wáyà á sì dín kù. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀, ó kù sọ́wọ́ bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ.

Àwọn olórin orí ìtàgé ti yanjú tiwọn. Ní 1995, Jerry Harvey, tó ń bójú tó ohùn fún ẹgbẹ́ olórin Van Halen, ṣe íápíìsì kan fún Alex Van Halen tó ń lùlù fún wọn, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Ultimate Ears ti ṣẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lo èyí tí wọ́n gbẹ́ bá etí ẹnì kọ̀ọ̀kan mu. Onímọ̀ nípa ìgbọ́ròó ni yóò di nǹkan rírọ̀ kékeré sínú etí kí ìlù etí má bàa fara pa, yóò da ohun kan tó máa ń le sínú ihò náà, wọ́n sì sábà máa ń ní kí ènìyàn la ẹnu nígbà náà, nítorí ọ̀rọ̀ párì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti atẹ̀wé. Kò sì yẹ kó di dandan.

Àwọn tó ń tà á fún gbogbo ayé náà kò sùn pátápátá, kí n sọ òótọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Apple gbé íápíìsì oníwáyà rẹ̀, EarPods, jáde ní 2012, ike líle kan ṣoṣo ni, ìwọ̀n kan fún gbogbo etí. Nígbà tó di 2019 tí AirPods Pro, aláìníwáyà wọn, dé, rọ́bà oríṣi mẹ́ta bá a wá, pẹ̀lú ètò kan lórí fóònù tó ń fi ohùn dán an wò bóyá ihò etí dí. Èyí tó jáde ní 2022 fi rọ́bà kan tó tún kéré ju S lọ kún un. Ó dára. Àmọ́ fóònù lè sọ fún mi pé ihò etí mi dí. Kò lè sọ fún mi pé yóò máa dùn mí tó bá di ọ̀sán.

Akọ̀wé yín lè dáhùn pé etí kò jọra, pé ohun tó bá tòun mu lè má bá ti ẹlòmíràn mu, nítorí náà kò sí ohun tí òun lè sọ. Torí pé wọn kò jọra gan-an ló ṣe yẹ kó sọ ọ́. Etí obìnrin sábà máa ń kéré ju ti ọkùnrin lọ, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin nìkan ló ń dán àwọn nǹkan yìí wò fún yín. Ọjọ́ orí náà wà ńbẹ̀. Dókítà kan, James Heathcote, wọn etí àwọn aláìsàn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ó sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà British Medical Journal ní 1995 pé etí ń gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà 0.22 lọ́dún bí a ṣe ń dàgbà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel ní 2017, ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú. Ọkọ mi gbọ́ èyí, ó ní kí n ṣe sùúrù, pé tí mo bá fi máa pé àádọ́rùn-ún ọdún, íápíìsì kò ní já bọ́ mọ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí akọ̀wé yín wá ìwọ̀n kékeré tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń wọn nǹkan, kó fi wọn ẹnu íápíìsì àti rọ́bà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní mìlímítà, kó sì kọ ọ́ síbi tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ bátìrì sí. Kó sọ irú etí tó fi dán an wò: ó tóbi ni àbí ó kéré, ó ń lo awò ojú àbí kò lò ó. Kó fi í sétí fún odindi ọwọ́ iṣẹ́ kan, kó fi í sọ̀rọ̀, kó fi í jẹun, kó fi í gun àtẹ̀gùn, kó fi í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó sì sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí rọ́bà mìíràn bá wọ inú àpótí rẹ̀ tàbí kò wọ̀ ọ́, kó wí. Ẹni tó ń fi í rìn lójú títì, kó kìlọ̀ fún un pé èyí tó dí etí pa kò ní jẹ́ kó gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó sì sọ fún un pé oríṣi tó ń gba eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́hùn wà, tó ń fi ihò etí sílẹ̀ gbayawu.

Ojú ewé ìlera náà lè bá wa fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un nípa fífọ rọ́bà: kí á yọ ọ́, kí á fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa kí á tó dá a padà, kí á má sì fi igi olówùú ti ìdọ̀tí etí wọlé lọ́hùn-ún. Etí tó bá ń ṣọyún tàbí tó ń dunni láìdáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni tirẹ̀, kì í ṣe rọ́bà tuntun.

Tí kò bá sí ẹlétí kékeré ní ọ́fíìsì yín, mo ṣe tán láti yá yín ní tèmi. Ẹ fi èyí tí ẹ bá tún fẹ́ yìn ránṣẹ́ sí mi, n ó fi í tẹ̀wé láti àárọ̀ dalẹ́, n ó sì kọ ibi tó ti dùn mí àti ìgbà tó yọ jáde, láìfi dúdú pe funfun. Ẹ kàn má retí kí n tètè dá a padà bó bá bá etí òsì mi mu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀wé ẹlétí kékeré